Ajá Tí Kò Gbọ́ Fèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí. Ọmọ tó bá kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ la máa ń pa á fún, kó lè mọ̀ pé ẹni tí ìparun bá ń bọ̀ wá bá, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń di. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti tẹ̀lé bàbá ọdẹ kan láti Bẹyẹrúnká ní Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ dókítà ajá, òwe náà ti ní ìtumọ̀ mìíràn létí mi.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá bàbá náà. Ajá ìbílẹ̀ ni, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ ká sókè. Ọdún márùn-ún ló ti ń bá bàbá lọ sígbó ní apá ọ̀nà Ìjàyè, òyà àti ehoro tó sì ti lé jáde fún un kò níye. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí bàbá bá fọn fèrè lápá ọ̀tún, apá òsì ni Tanímọ̀la máa wò. Ìgbà mìíràn, á kàn dúró gbagidi, á máa gbọn orí bí ẹni tí omi wọ̀ létí.

Àwọn ará agbo ilé ti sọ tiwọn. Ẹnì kan ní orí ajá náà ló ń pè é lọ. Òmíràn ní kí bàbá tètè tà á kó tó sọnù sígbó. Ẹnì kẹta rán an létí pé ọdún Ògún kò jìnnà mọ́. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò fèsì. Ajá tó ti ń pèsè ẹran sílé fún ọdún márùn-ún kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá sọnù bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ló wá sọ fún un pé dókítà ajá wà. Bí a ṣe gbé Tanímọ̀la sẹ́yìn Mícrà nìyẹn, tí a san owó ìjókòó ẹnì kan fún un, tí a gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí dókítà obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́.

Dókítà kò kánjú. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, kò sì tíì dìde níbẹ̀ tó fi na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ajá kó lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìgbà tí Tanímọ̀la fi imú tọ́ ọwọ́ náà wò tán, tó sì mi ìrù lẹ́ẹ̀kan, ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń jẹ? Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn? Igbó wo lẹ ń lọ? Ṣé ìtọ̀ rẹ̀ ò yí àwọ̀ padà?"

Bàbá ní ohun tí àwọn ń jẹ ni ajá náà ń jẹ. Ní ti abẹ́rẹ́, kò tíì gba ọ̀kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ní ìtọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bí omi tíì láti ìjẹta.

Ajá kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, olówó rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà ajá fi ń lo etí kó tó lo ọwọ́. Ó fi báńdéèjì di ẹnu Tanímọ̀la, ó rọra gbé ètè rẹ̀ sókè láti ẹ̀gbẹ́. Èrìgì tó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ funfun bí ẹ̀kọ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe tètè padà síbẹ̀. Ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó rí i pé ó ti sún mọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara ajá tó yá gágá máa ń wà láàárín 38 sí 39, tèèyàn sì wà ní nǹkan bí 37. Nítorí náà, ara ajá máa ń gbóná sí wa lọ́wọ́ nígbà gbogbo, fífi ọwọ́ kàn án lásán kò sì lè sọ bóyá ibà wà lára rẹ̀. Ó fọwọ́ wá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ikùn rẹ̀, àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí etí.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ìdọ̀tí dúdú kún inú etí náà, eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó sì tò sínú rẹ̀ bí èso ẹ̀wà, òmíràn lórí òmíràn. Dókítà fi irin kékeré yọ wọn níkọ̀ọ̀kan, láti ìdí, kí orí wọn má bàa kù sínú awọ. Etí kejì kò sàn ju àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó yíjú sí bàbá.

"Bàbá, orí kọ́ ló dí i létí. Eégbọn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo agbo ilé ti ka àìsàn sí kádàrá. Ohun tí iṣẹ́ dókítà ajá dá lé gan-an nìyí: kó má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa orí ajá kí a tó yẹ etí rẹ̀ wò.

Eégbọn kò mọ sí ẹ̀jẹ̀ mímu. Bó ṣe ń mu ún ló ń tu kòkòrò tíntìntín kan sínú ara ajá, kòkòrò náà á wọnú ẹ̀jẹ̀, á máa fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yìí ló ń bá ìtọ̀ jáde tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pọ́n, òun náà ló ń sọ èrìgì di funfun. Dókítà kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì, ó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí ohun tó ń wá. Ó gún ajá ní abẹ́rẹ́ fún èyí, ó fún bàbá ní oògùn tí yóò máa kán sí i létí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wá béèrè irú ògiri tí ilé bàbá ní. Bàbá ní ilé àtijọ́ ni, alámọ̀, ó ti sán káàkiri. Dókítà ṣàlàyé pé eégbọn kì í gbé ara ajá lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á wá ihò ara ògiri, abo rẹ̀ á sì yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá wẹ eégbọn kúrò lára ajá tí kò tọ́jú ògiri, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi. Ìmọ̀ràn yìí kan Bẹyẹrúnká, Ọjà'ba àti gbogbo ìsàlẹ̀ Òkè Mápó gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, tó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí páànù tó ti dípẹtà lọ súà, ilé fara ti ilé. Eégbọn tó jáde nínú ògiri ilé kan kò ní pẹ́ dé ìkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn kò ní rìn jìnnà. Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran láti àwọn ọdún 1960. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ní ajá nìkan lòun fẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ́ nípa màlúù, ẹṣin, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ àti ẹja pẹ̀lú. Bó bá jáde, ó di dandan kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, nítorí òfin tó ti wà láti 1969 kò gba ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láyè láti tọ́jú ẹran gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Á tún sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó lè yàn pé ajá àti ológbò lòun máa dojú kọ.

Kì í ṣe ajá ló bí iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní 1924, màlúù ló wà lọ́kàn wọn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé màlúù àti adìẹ yẹ fún dókítà nítorí owó wà lára wọn. Ìbéèrè tí dókítà yìí sọ pé òun ń gbọ́ jù lọ ni: "Ṣé ajá náà ni màá tún gbé lọ sọ́sibítù?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: ajá tó ń ṣọ́ ilé yín láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, èló lẹ ń san fún un lóṣù? Abẹ́rẹ́, omi tó mọ́ àti ìtọ́jú etí, owó oṣù rẹ̀ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú owó oṣù náà ni ti dìgbòlugi. Ẹni tó sọ àrùn yìí lórúkọ fi ojú ara rẹ̀ rí i ni: ajá tí kò mọ ọ̀nà mọ́, tó ń dìgbò lu igi. Inú itọ́ ni àrùn náà ń gbé. Bí ajá tó ní i bá gé èèyàn jẹ, á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, á máa tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn yìí lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, ara ẹni tí wọ́n gé jẹ kò sì ní sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọpọlọ, tí àmì rẹ̀ sì ti yọ, ẹni tó yè é kò wọ́pọ̀ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní Éṣíà àti ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Nínú èèyàn 100 tó kó o, 99 ló gbà á lára ajá. Nínú 100 tí ẹranko tí wọ́n fura sí bá gé jẹ, 40 jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Nǹkan kan wà tí dókítà sọ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ajá fi sọ́kàn. A ti mọ ajá dìgbòlugi tó ń sáré kiri, tó ń gé igi àti iyanrìn jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó máa ń dákẹ́. Àgbọ̀n rẹ̀ á jábọ́, kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Olówó rẹ̀ á rò pé eegun ló há a lọ́fun, á kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ ọ́. Itọ́ á kan ibi tó ti ha lọ́wọ́. Àánú ló fẹ́ ṣe, ikú ló lọ fọwọ́ kàn. Àwọn dókítà ajá pàápàá máa ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ara wọn kí ajá kankan tó gé wọn jẹ.

Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe ewé, kì í ṣe epo, kì í ṣe ata. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, wọn yóò sì sọ ọjọ́ tó máa padà wá gba ìyókù. Ní ti ajá náà, tí wọ́n bá rí i mú láìléwu, kí wọ́n má sáré lù ú pa. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tí àrùn náà ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ kò ní lo ọjọ́ mẹ́wàá náà tán kí àmì tó hàn tàbí kó tó kú.

Ọ̀nà ìdènà kò ṣòro. Ajá yóò gba abẹ́rẹ́ tó bá pé oṣù mẹ́ta, á sì máa gbà á lọ́dọọdún. Bí 70 nínú gbogbo 100 ajá àdúgbò bá ti gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà láti ara ọ̀kan bọ́ sára òmíràn. Vom tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú màlúù ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí fún ajá wa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti ọ̀hún dé ìhín, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kò lè gbọ́kàn lé fìríìjì nìkan. Kúlà tó kún fún yìnyín ni dókítà wa yìí ń gbé kọ́ èjìká tó bá ń wọ agbo ilé lọ. Ní gbogbo 28 oṣù kẹsàn-án, tó jẹ́ ọjọ́ tí Louis Pasteur tó ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́ kú, àwọn dókítà ẹran káàkiri àgbáyé ń ṣe ọjọ́ ìrántí àrùn yìí. 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó máa gbé ajá rẹ̀ lọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Mókọ́lá.

Yàtọ̀ sí àrùn, ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ tún ń ṣe ajá wa léṣe. Bí irun ajá bá ń re, tí ara ń yún un, àwọn kan á lọ bu ọ́ìlì mọ́tò dúdú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á fi kun ún lára. Ajá á fi ahọ́n lá a, májèlé á wọnú. Bí olè bá fi oògùn apakòkòrò sínú ẹran jù sí ajá tó ń ṣọ́lé, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, epo pupa la máa ń sáré rọ sí i lọ́fun. Ajá tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ìyẹn sì pa á. Oògùn wà tó ń dojú kọ irú májèlé yìí lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ló ní, kì í ṣe ọjọ́. Oògùn ara ríro tí àwa èèyàn ń lò náà kò bá ajá lára mu. Ibuprofen lè dá egbò sí i nínú ikùn, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Mo bi dókítà pé ṣé bó ṣe ń tọ́jú ajá ọdẹ náà ló ń tọ́jú gbogbo ajá. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tóun máa ń bi ara òun ni pé: ẹ̀yà ara wo lajá yìí fi ń jẹun? Ajá ọdẹ, etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Igbó ló ń lọ, nítorí náà dókítà ń ṣọ́ ẹ̀gún, ejò, àti eṣinṣin inú igbó tó ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè fún ajá ní àrùn tí ẹyinjú rẹ̀ á fi funfun bí ìkùukùu. Ajá tí àwọn ọlọ́pàá àti NDLEA fi ń wá oògùn olóró, imú ni. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ajá òkèèrè onírun púpọ̀, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì bá wọn mu. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n tó ń yọ síta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá tó bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán láìsí omi àti ìbòòji lè ṣubú kó sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ti Alsatian, dókítà á tún wo oríkèé ìbàdí rẹ̀ kí wọ́n tó náwó kíkọ́ lé e lórí, torí irú wọn máa ń jogún àìlera níbẹ̀.

Ti ajá tó ń fa afọ́jú ló wú mi lórí jù. Ní Oldenburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1916, ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún irú ajá bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ogun fọ́ lójú. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1929, Ìlú Ọba ní 1931. Lónìí, òfin tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ní 2010 kò gba awakọ̀ takisí tàbí onísọ́ọ̀bù láyè láti lé afọ́jú padà nítorí ajá tó ń fà á. Lọ́dọ̀ wa, ní Ọjà'ba àti ní ọ̀nà Bẹẹrẹ, ọmọdé ló ń di ọ̀pá afọ́jú mú, ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé.

Ṣé ajá lè ṣe é níbí? Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Ó ní ajá tó ń fa afọ́jú gbọ́dọ̀ lè rìn láàárín èrò kí èrò má sá, kí ajá ìgboro má ká a mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ òkúta lù ú. Ìlú tó ń bẹ̀rù ajá kò lè fi ẹni tí kò ríran lé ajá lọ́wọ́. Ìdí tí ìlú sì fi ń bẹ̀rù ajá ni pé ìlú kò mọ èwo ló ti gba abẹ́rẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ajá afọ́jú yóò gbà dé Ọjà'ba lọ́jọ́ kan, inú kúlà tó wà léjìká dókítà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo padà sí Bẹyẹrúnká. Ara Tanímọ̀la ti ń dán, èrìgì rẹ̀ ti pupa padà. Wọ́n ti fi amọ̀ tuntun dí ojú ògiri tó sán. Ajá náà wà lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, ó ń fi imú wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Bàbá yọ fèrè lápò, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Etí ajá náà nà sókè, ó sì ti ń sáré bọ̀ kí fèrè tó dákẹ́.

Bàbá kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ní orí ajá náà ló ń pè é lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wòran. Ó wọlé, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la jáde láti inú àpò tó ń kó káàdì ọsibítù ti ara rẹ̀ sí. Ó ní kí n bá òun ka ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ tó kàn bọ́ sí. Mo kà á. Ó wá ní kí n bá òun pe dókítà lórí fóònù, kí n sọ fún un pé ajá mẹ́rin ló kù nínú agbo ilé àwọn, àti pé àwọn olówó wọn ti gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a rí i tó ń gba ojú ọ̀nà bọ̀ pẹ̀lú kúlà léjìká. Àwọn ọmọdé ti so ajá wọn mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dúró dè é.